Nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá jẹ́ kí a sùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin ẹni ọdún 46 ni mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mi ò ti sùn dáadáa. Lọ́sàn-án kò sí ohun tó ń ṣe mí, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí mo jókòó tàbí tí mo dùbúlẹ̀, nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ẹsẹ̀ mi méjèèjì láti orúnkún lọ sísàlẹ̀. Mi ò lè pè é ní ìrora, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà á mọ́ra. Àfi kí n dìde kí n máa rìn kiri inú ilé. Bí mo bá ń rìn, á lọ. Bí mo bá tún dùbúlẹ̀, á padà dé. Ọkọ mi ní mo tún máa ń ta òun nípàá lójú oorun. Wọ́n ní làkúrègbé ni, wọ́n fún mi ní oògùn ìrora, kò ràn án. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi pé. Oògùn ọ̀fìnkìn tó máa ń kunni lóorun ni mo ń lò báyìí kí n lè sùn, ó sì dà bíi pé ṣe ló ń le sí i. Ìyá mi náà máa ń rìn kiri lóru nígbà ayé rẹ̀. Kí ló ń ṣe mí, ṣé ó sì lóògùn?

Ìdáhùn: Ẹ kú àìsùn o, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ yín sọ lẹ́nu tèmi ná, kí ẹ lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ yín yé. Iṣẹ́ kọ́ ló ń dá ìnira yìí sílẹ̀, ìsinmi gan-an ló ń jí i. Alẹ́ ló ń yọjú. Ìrìn ló ń lé e lọ, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè máa rìn kó sì máa sùn. Ẹ ti lo oògùn fún àìsàn tí kì í ṣe tiyín, wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò kan tí kò kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà, oògùn tí ẹ sì fi ń wá oorun ṣeé ṣe kó wà lára ohun tó ń lé oorun lọ. Àwọn kókó tí ìdáhùn mi yóò dá lé nìyẹn.

Gbogbo ohun tí ẹ kọ tọ́ka sí àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní Restless Legs Syndrome, tí àwọn mìíràn ń pè ní àìsàn Willis-Ekbom. Màá máa pè é ní àìsàn ẹsẹ̀ àìsinmi. Kì í ṣe àìsàn tuntun. Thomas Willis, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1672, Karl-Axel Ekbom tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Sweden sì ṣàlàyé rẹ̀ kúnnákúnná ní 1945. Mo dárúkọ wọn nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn yìí ni wọ́n ti sọ fún pé ìrònú ló pọ̀ jù fún wọn, tàbí pé ara ló ń dàgbà. Irọ́ ni. Inú ọpọlọ àti okùn ìmọ̀lára ara ni ìṣòro náà wà, ó sì wọ́pọ̀ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ní Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀ jù, nǹkan bí àgbàlagbà 5 sí 10 nínú 100 ló ń ṣe dé ìwọ̀n kan, àmọ́ àwọn tó ń yọ lẹ́nu débi pé wọ́n nílò ìtọ́jú kò tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣe obìnrin tó ìlọ́po méjì ọkùnrin.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí fọ́tò inú ara tó lè fi àìsàn yìí hàn. Ẹnu ẹni tó ń ṣe la ti ń mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò bá béèrè ìbéèrè tó yẹ kò fi ní rí i. Àkọ́kọ́, ó ní láti máa ṣe onítọ̀hún bíi pé kó ṣáà gbé ẹsẹ̀, ìmọ̀lára kan tí kò bára dé sì sábà máa ń bá a wá: àwọn kan ní ó dà bí ìgbà tí kòkòrò ń rìn lábẹ́ awọ, àwọn kan ní ó ń fà, ó ń yún wọn nínú egungun, tàbí ó ń ta wọ́n. Inú ẹsẹ̀ ló wà, kì í ṣe ojú awọ, nítorí náà fífi èékánná họ ọ́ kì í ràn án. Èkejì, ìjókòó tàbí ìdùbúlẹ̀ ló ní láti máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí kó mú un le sí i. Ẹ̀kẹta, bí a bá rìn tàbí tí a na ẹsẹ̀, ó ní láti dẹwọ́ tàbí kó lọ pátápátá, ó kéré tán títí ìrìn náà á fi parí. Ẹ̀kẹrin, alẹ́ ló ní láti burú ju ọ̀sán lọ. Ẹ ti ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí n tó béèrè. Ohun tó kù ni kí a rí i dájú pé kì í ṣe nǹkan mìíràn tó jọ ọ́, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ yín.

Oríkèé ni làkúrègbé ń bá jà: á máa dunni, ó lè wú, ó lè gan láàárọ̀, dídìde rìn ní aago méjì òru kì í sì í mú un lọ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Pajápajá náà yàtọ̀. Ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á dì bí òkúta, ìrora á mú lójijì, bí a bá sì na ẹsẹ̀ náà dáadáa, á tú. Ìpalára tí àtọ̀gbẹ máa ń ṣe sí okùn ìmọ̀lára máa ń jóni tàbí kó mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ kú tipiri, ó máa ń ṣeni lọ́sàn-án pẹ̀lú, ìrìn kì í sì í lé e lọ. Ti òpó ẹ̀jẹ̀ tó ti dín ní ẹsẹ̀, ìdàkejì tiyín ni: bí a bá rìn ló ń dunni, bí a bá dúró, á rọlẹ̀. Èyí tó jọ ọ́ jù ni àìgbébìkan tí àwọn oògùn àrùn ọpọlọ àti àwọn oògùn èébì kan ń fà, ṣùgbọ́n gbogbo ara nìyẹn máa ń mú, kì í sì í dúró de alẹ́. Ẹnì kan lè ní méjì pọ̀ o. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè ní ìpalára okùn ìmọ̀lára kó sì tún ní ẹsẹ̀ àìsinmi, a sì ní láti tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ yín tí wọ́n ní ó pé, ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bóyá irin tó wà nínú ara tó láti fi ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa ni àyẹ̀wò iye ẹ̀jẹ̀ ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa irin tí ara kó pamọ́. Oúnjẹ lè kún inú ìkòkò lónìí kí aká sì ti gbófo. Ẹni tó bá ṣí ìkòkò nìkan wò yóò sọ pé kò séwu. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ferritin ló ń yẹ aká wò. Bí irin bá ń dín nínú ara, èyí tó wà nípamọ́ ni yóò kọ́kọ́ tán, ìgbà tó bá yá ni iye ẹ̀jẹ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ lè pé fún oṣù púpọ̀ kí irin ìpamọ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nínú àìsàn yìí, ọ̀rọ̀ tún jìn ju ìyẹn lọ: irin inú ọpọlọ lè kéré nígbà tí ti ara tó kù ṣì pọ̀. Wọ́n ti rí i nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn tó ní in, wọ́n rí i nínú àwòrán ọpọlọ wọn, wọ́n sì rí i nínú ọpọlọ àwọn tó ti kú nínú wọn. Ó dà bíi pé ọ̀nà tí irin ń gbà wọ ọpọlọ ni kò já geere.

Ìdí tí èyí fi ń dé ẹsẹ̀ ni pé ọpọlọ nílò irin kó tó lè lo dopamine bó ṣe yẹ, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, tó sì ń darí bí a ṣe ń gbé ara. Iṣẹ́ dopamine àti ìwọ̀n irin inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sókè sódò láàárín wákàtí 24, ìrọ̀lẹ́ sí òru ni wọ́n sì máa ń wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi ń ṣú tí ẹsẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń rí oorun tó dùn jù nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, lásìkò tó yẹ kí wọ́n dìde. Nítorí pé mo dárúkọ dopamine, ẹ lè máa rò ó pé ṣé àrùn Parkinson tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n ni. Kì í ṣe òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń lò fún méjèèjì. Ti ìyá yín tí ẹ mẹ́nu bà ṣe pàtàkì. Ó lé ní ìdajì àwọn tó ní àìsàn yìí tí ẹbí wọn kan náà ní in, pàápàá àwọn tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 45. Wọ́n ti rí àwọn àbùdá ìdílé tó bá a tan, irú bí MEIS1 àti BTBD9. Àbùdá ló ń fi ilẹ̀ sílẹ̀, àìtó irin tàbí oògùn kan ló sì máa ń gbin nǹkan sórí rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti oorun, nítorí oorun ló ń fara gbá a jù. Ohun méjì ló ń bá a jà lóru. Èkíní ni èyí tí ẹ mọ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹ lè sùn lọ. Èkejì ni èyí tí ọkọ yín mọ̀. Ìpàá tí ẹ ń ta lójú oorun ní ìlànà tó ń tẹ̀lé: àtàǹpàkò ẹsẹ̀ á nà sókè, ọrùn ẹsẹ̀ á ká, orúnkún lè ká tẹ̀lé e, gbogbo rẹ̀ kò ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá 10, á sì tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 40. Nínú àwọn tó ní ẹsẹ̀ àìsinmi, ó tó 80 nínú 100 tó ní èyí pẹ̀lú, ìdajì àkọ́kọ́ òru ló sì máa ń pọ̀ jù. Ìpàá kọ̀ọ̀kan lè gbé ọpọlọ kúrò nínú oorun jíjìn fún ìgbà díẹ̀ tí ẹ kò ní rántí, kí ọkàn sì sáré díẹ̀. Torí náà, ẹ lè wà lórí ibùsùn fún wákàtí méje kí ara máa ṣe yín bíi pé wákàtí mẹ́rin lẹ sùn. Àmọ́ o, ìpàá lójú oorun nìkan kò tó láti sọ pé ènìyàn ní àìsàn yìí. Àwọn àgbàlagbà púpọ̀ máa ń ta á láìní ẹsẹ̀ àìsinmi rárá. Ẹni tó bá sì ń hanrun gan-an, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìyẹn wò pẹ̀lú, torí òun náà máa ń fọ́ oorun yángá tó sì ń mú kí ẹsẹ̀ burú sí i.

Ohun kan tún wà tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Ẹni tí kò sùn ju wákàtí márùn-ún lọ yẹ kó máa tòògbé lọ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ẹsẹ̀ àìsinmi kì í tòògbé tó bí àìsùn wọn ṣe pọ̀ tó. Ó rẹ̀ wọ́n, ọkàn wọn kì í pa pọ̀, inú máa ń tètè bí wọn, síbẹ̀ bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, ojú wọn á dá gba. Kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́ àìsùn. Ìwádìí ti fi hàn pé glutamate, èròjà tó ń jí ọpọlọ, máa ń ga jù ní apá kan ọpọlọ wọn. Bí èyí bá ti pẹ́, ìbẹ̀rù ibùsùn á tún wọ̀ ọ́: ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣojo láti ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ kò sì ní lè pa dé kódà ní alẹ́ tí ẹsẹ̀ bá dákẹ́. Ìbẹ̀rù yẹn ń fẹ́ ìtọ́jú tirẹ̀. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé wọ́n tún ẹsẹ̀ ṣe, tí oorun kò sì tètè padà.

Ní báyìí, oògùn ọ̀fìnkìn yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun kan ṣoṣo lẹ́yìn tí ẹ bá ka ìdáhùn yìí tán, ẹ dá a dúró. Àwọn oògùn ọ̀fìnkìn àti ara yíyún tí wọ́n ń kunni lóorun, irú bí diphenhydramine, promethazine àti chlorphenamine, máa ń wọ inú ọpọlọ, wọ́n sì wà lára ohun tó máa ń mú ẹsẹ̀ àìsinmi le jù. Ẹ ka ara páálí gbogbo oògùn oorun tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà: àwọn kan náà ló sábà máa ń wà nínú wọn. Òru kan tàbí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá dá a dúró lè ṣòro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn mú yín padà sídìí rẹ̀. Bí ọ̀fìnkìn gan-an bá ń ṣe yín, ẹ béèrè loratadine tàbí fexofenadine, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ. Metoclopramide àti prochlorperazine tí wọ́n ń lò fún èébì náà ń dá a sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oògùn àrùn ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ oògùn ìsoríkọ́ náà wà nínú wọn, mirtazapine ní pàtàkì, àmọ́ bupropion kò sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn ìsoríkọ́ tàbí ti ọpọlọ kò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ dá a dúró nítorí ẹsẹ̀ o. Ẹni tó kọ ọ́ fún un ni kó bá sọ̀rọ̀ bóyá òmíràn wà tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, àyẹ̀wò irin. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ferritin àti transferrin saturation pọ̀, ìyẹn èyí tó ń sọ bí irin ṣe kún tó nínú èròjà tó ń gbé e káàkiri inú ẹ̀jẹ̀. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, láìtíì jẹun, kí ẹ má sì ti lo oògùn irin kankan fún wákàtí 24 ṣáájú. Ìdí tí ẹ fi nílò méjèèjì ni pé ferritin máa ń gbéra sókè bí ara bá ní ibà, àkóràn tàbí ìwúlé kankan, ó sì lè parọ́ pé irin pọ̀. Ẹ gba ìwé àbájáde, kí ẹ wo iye rẹ̀ gan-an, ẹ má ṣe gba “ó dára” nìkan. Ilé àyẹ̀wò púpọ̀ yóò kọ pé ferritin 20 tàbí 30 dára, fún ẹlòmíràn ó lè dára lóòótọ́. Fún àgbàlagbà tó ní ẹsẹ̀ àìsinmi, bí ferritin kò bá ju 75 náánógráàmù nínú mìlílítà kan lọ, tàbí tí transferrin saturation kò tó 20 nínú 100, ìtọ́jú irin tọ́ sí i. Bí ferritin bá wà láàárín 75 sí 100, irin tí wọ́n ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló lè ṣiṣẹ́, torí pé ìfun kì í fẹ́ gba irin ẹnu wọlé mọ́ nígbà tó bá ti ga tó bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ ti ẹnu ni, èyí tó wọ́pọ̀ ni hóró kan tó ní ojúlówó irin mílígíráàmù 65, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ tàbí ní ọjọ́ kan fi ọjọ́ kan sílẹ̀, pẹ̀lú fítámì C tó tó mílígíráàmù 100. Lílo ju bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́ kì í mú kí púpọ̀ sí i wọlé, inú ló máa ń dí. Wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀ ló dára jù, láìsí tíì, kọfí, wàrà tàbí oògùn kásíọ̀mù nítòsí, nítorí pé gbogbo wọn ló ń dí i lọ́nà. Ìgbẹ́ á dúdú, ẹ má bẹ̀rù ìyẹn. Ohun tó sábà máa ń ba ìtọ́jú yìí jẹ́ ni pé ènìyàn á lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ní rí ìyàtọ̀, á sì jù ú sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni kí ẹ fún un, kí ẹ tó tún àyẹ̀wò ṣe. Bí inú bá kọ̀ ọ́, tàbí tí iye náà kò gbéra, ferric carboxymaltose tí wọ́n ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ní ẹ̀rí tó lágbára jù nínú irú irin yẹn, mílígíráàmù 1000 ni wọ́n sì sábà máa ń fún àgbàlagbà lápapọ̀. Òun náà kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti lè tọ́jú ènìyàn bí ara bá kọ̀ ọ́ lójijì nìkan ni kí ẹ ti gbà á. Àfikún ìkìlọ̀ méjì: ẹ má ṣe dédé máa gbé irin mì láìṣe àyẹ̀wò, torí àwọn kan wà tí irin ti pọ̀ jù lára wọn, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ sì gbé e jìnnà sí ọmọdé, ìwọ̀nba hóró díẹ̀ lè pa ọmọ kékeré.

Bí àbájáde bá fi hàn pé irin kéré, a ò tíì parí. Ibo ni irin náà ń gbà lọ? Ní ọjọ́ orí yín, nǹkan oṣù tó ń pọ̀ jù ló wọ́pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ obìnrin kì í sì í kà á sí àìsàn. Bí nǹkan oṣù kò bá pọ̀, ó yẹ kí wọ́n wo inú àti ìfun fún ẹ̀jẹ̀ tó ń sun láìhàn sójú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ kíndìnrín wò nígbà kan náà, àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, torí pé àìsàn kíndìnrín tó ti le máa ń dá ẹsẹ̀ àìsinmi sílẹ̀ gan-an. Oyún náà ń dá a sílẹ̀, oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ló máa ń le jù, èyí tó pọ̀ jù sì máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró de èyí, àwọn nǹkan kan wà tí ẹ lè ṣe nínú ilé. Wọn kò ní wo àìsàn náà sàn, ṣùgbọ́n wọ́n lè dá wákàtí kan tàbí méjì oorun padà. Kọfí, tíì àti ohun mímu tó ní kaféènì, ẹ fi wọ́n mọ sí òwúrọ̀, ẹ gbìyànjú ọ̀sẹ̀ méjì láìlò wọ́n rárá kí ẹ wo ìyàtọ̀. Ọtí ìrọ̀lẹ́ máa ń kunni lóorun ní wákàtí àkọ́kọ́, á sì mú kí ẹsẹ̀ burú lẹ́yìn ìyẹn. Sìgá náà kò ràn án. Eré ìdárayá tó wà níwọ̀nba, bí ìrìn kánkán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀, wúlò, àmọ́ ìdárayá tó le gan-an tàbí èyí tí a ṣe nígbà tó ti fẹ́ sùn lè jí i. Ẹ fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ tàbí kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí ẹ tó dùbúlẹ̀. Omi tútù ló bá àwọn kan lára mu jù, ẹ dán méjèèjì wò. Tí ẹ bá ní láti jókòó pẹ́ lálẹ́, ẹ fún ọpọlọ ní iṣẹ́ tó gbà á lọ́kàn, bí àdììtú, ìránṣọ tàbí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó dùn, torí pé ọpọlọ tó dilẹ̀ ni àìsàn yìí máa ń rí mú. Ìrìn àjò gígùn, ẹ fi í sí òwúrọ̀, kí ẹ sì jókòó sí ibi tí ẹ ti lè dìde. Bó bá sì mú yín lórí ibùsùn, ẹ má dùbúlẹ̀ máa bá a jìjàkadì. Ẹ dìde, ẹ rìn, ẹ na ẹ̀yìn ẹsẹ̀, kí ẹ padà nígbà tó bá rọ̀. Mágínísíọ̀mù tí gbogbo ènìyàn ń sọ, ẹ̀rí tó wà fún un kò lágbára. Kuníní ni kí ẹ má fi ọwọ́ kàn nítorí èyí: kì í ṣiṣẹ́ fún un, ó sì lè ba ẹ̀jẹ̀ àti ìlù ọkàn jẹ́.

Bí irin bá ti tó, tí ẹ ti dá oògùn tó ń mú un le sí i dúró, tí ó sì ṣì ń gba oorun yín ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀, ó tó àsìkò láti bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn ojoojúmọ́. Lónìí, gabapentin àti pregabalin ni a kọ́kọ́ ń lò, àwọn oògùn tí wọ́n tún ń lò fún wárápá àti ìrora okùn ìmọ̀lára. Gabapentin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mílígíráàmù 300, pregabalin láti 75, wákàtí kan sí méjì kí ẹ tó sùn, ẹni tó ti lé ní ọdún 65 sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kéré ju ìyẹn lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sókè. Wọ́n ń tún oorun ṣe lóòótọ́. Wọ́n sì ní ìṣòro tiwọn: òòyì, sísanra, ọpọlọ tó wúwo láàárọ̀. Kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa ń fẹ́ ìwọ̀n tó kéré, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi ọtí tàbí oògùn ìrora olóró pọ̀ mọ́ wọn, torí èémí lè dín kù lójú oorun.

Wọ́n lè fi oògùn bíi pramipexole tàbí ropinirole lọ̀ yín, àwọn tó ń ṣe bíi dopamine. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọn máa ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á fi rò pé òun ti rí ìwòsàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ń lò ó fún oṣù tàbí ọdún, àìsàn náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò: èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ á bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, á le sí i, á sì lè dé apá. Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń ṣe nígbà náà ni kí wọ́n fi kún oògùn, ìyẹn gan-an ló sì ń bọ́ ọ. Àwọn kan tún máa ń rí i pé tẹ́tẹ́, ìnáwó tàbí oúnjẹ ń wọ̀ wọ́n lẹ́wù lọ́nà tí wọn kò lè kápá. Ìtọ́sọ́nà tí American Academy of Sleep Medicine, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2025 dábàá pé kí a má fi wọ́n ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́ mọ́, mo sì fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti ń lò ó kò gbọ́dọ̀ já a lójijì, díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú dókítà ni wọ́n ń dín in kù. Fún àwọn tó burú jù, oògùn ìrora olóró ní ìwọ̀n kékeré máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó lè di bárakú, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa nìkan ló sì yẹ kó ti wá.

Ṣé ó lóògùn? Ó ní ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ ló sì ń padà sun oorun tó dára. Nínú àwọn tí irin tàbí oògùn kan ló dá a sílẹ̀, ó lè lọ pátápátá. Níbi tí ó ti wà nínú ẹbí bíi tiyín, ó ṣeé ṣe kó máa lọ kó máa bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò sì ní fi yín lọ́kàn balẹ̀ lórí ohun tí mi ò lè ṣèlérí. Ìwé yín nìkan ni mo kà, mi ò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín. Ẹ lọ rí dókítà kíákíá bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú tàbí tó ń dùn yín, bí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri tàbí tí kò lágbára mọ́, tàbí bí ẹ kò bá lè kápá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́, nítorí pé ìyẹn kì í ṣe àìsàn tí mo ń sọ yìí. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀: aago tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, aago tí ẹ tó sùn, iye ìgbà tí ẹ dìde. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan àwọn tí ẹ rà láìsí ìwé, kí ẹ sì mú ọkọ yín lọ, òun ló lè ṣàlàyé ìpàá náà fún wọn.